Kí Ni Wọ́n Ní Kí Ó Fi Rúbọ? Òrìṣà Nínú Fíìmù, Tẹlifíṣọ̀n àti Ìwé Elédè Sípáníìṣì

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ilé òrìṣà àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sọ

    

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí a sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn. Fíìmù ni, tẹlifíṣọ̀n ni, ìwé ìtàn àròsọ ni. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ojúbọ nínú èyí. Ó kàn án púpọ̀. Ọmọ tí a bí sí ilé òrìṣà lè wá sí ojúbọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń wo àwòrán. Ọmọ tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì kò wá sí ojúbọ rí. Ohun tí ó rí nínú àwòrán ni ó mọ̀ nípa wa. Bí àwòrán náà bá fi hàn pé ọ̀daràn ni ẹni tí ó wọ ìlẹ̀kẹ̀, ọmọ wa yóò bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sínú àpò kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níhìn-ín mọ̀ pé a kò purọ́. Nítorí náà, a ní láti kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń wo àwòrán, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kí àgbà.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ èdè Sípáníìṣì? Nítorí pé ọ̀nà Kúbà ni òrìṣà gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn Lukumí ni wọ́n fi òru bo iná náà kí ó má kú. Títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìtàn Ifá ní Havana, *patakí* ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ wa "pàtàkì" ni. Wọ́n ń sọ pé *aché*, wọ́n ń sọ pé *moforibale*, wọ́n ń pe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà ní *iyawó*. Èdè àwọn olóyìnbó Sípéènì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa ń mí nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń mí nínú èdè, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé òrìṣà ń rìn nínú ìtàn tí wọ́n fi èdè náà sọ.

Ìyanu àti ìgbàgbọ́

Ẹni tí ó bá wo fíìmù Kúbà, tí ó ka ìwé ará Kòlóńbíà, tí ó tún ka ti ọmọ Santo Domingo, yóò ṣàkíyèsí pé ẹwà wọn jọra. Omi kì í ṣe omi lásán. Òkú ń bá alààyè sọ̀rọ̀. Àná àti òní ń wọnú ara wọn. Aṣọ ìyeyè, dígí, abẹ̀bẹ̀ àti ìlù ń sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì ti fún irú ẹwà yìí ní orúkọ oríṣiríṣi. Èyí tí ó lókìkí jù ní Karíbíánì ni ti Alejo Carpentier, òǹkọ̀wé ará Kúbà. Ó lọ sí Haiti ní 1943. Nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ *El reino de este mundo* jáde ní 1949, ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan síbẹ̀. Ó ní ìyanu kò ṣeé rò jáde lórí àga lásán. Ìgbàgbọ́ ni ó ń bí i. Ohun tí ó rí ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn já ẹ̀wọ̀n ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ di gbólóhùn yẹn mú: ìgbàgbọ́ ni ó ń bí ìyanu. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ ló ti gba ìyanu tí wọ́n sì da ìgbàgbọ́ nù. Wọ́n fẹ́ àwọ̀, wọn kò fẹ́ ìwà. Wọ́n fẹ́ ìlù, wọn kò fẹ́ mọ ohun tí ìlù ń wí. Báwo ni a ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Nígbà tí ẹ bá wo fíìmù tàbí tí ẹ bá ka ìwé tí òrìṣà wà nínú rẹ̀, ẹ béèrè pé: nínú ìtàn yìí, kí ni wọ́n ní kí ènìyàn fi rúbọ?

Ọmọ Ọ̀ṣun tí kò gbọ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàgé. Ní 1967, wọ́n ṣe eré *María Antonia* ní Havana. Eugenio Hernández Espinosa ni ó kọ ọ́, Roberto Blanco ni ó darí rẹ̀, Hilda Oates sì ni ó ṣe María Antonia. Ní 1990, Sergio Giral sọ eré náà di fíìmù, Alina Rodríguez sì ni ó ṣe obìnrin náà. Ẹ fi orúkọ Alina Rodríguez sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni María Antonia, obìnrin dúdú tí kò ní nǹkan, ní Havana kí ìjọba tó yí padà ní 1959. Ó fẹ́ràn Julián, tí ó jẹ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ìfẹ́ náà sì ti gba ọkàn rẹ̀ tán. Ìyá rẹ̀ nínú òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní Madrina, mú un tọ babaláwo lọ. Wọ́n kìlọ̀ fún un. Kò gbọ́. Ikú ni ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn lámèyítọ́ máa ń fi eré yìí wé eré àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, níbi tí ènìyàn kò ti lè bọ́ lọ́wọ́ àyànmọ́. Ìwé tí àwa náà kà ní yunifásítì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn náà ṣe tò. Ẹnìkan ní ìṣòro. Ó tọ awo lọ. Wọ́n sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ó kọtí ọ̀gbọin. Àbájáde rẹ̀ sì dé. Ta ni nínú wa tí kò mọ ètò yìí? Ètò ẹsẹ Ifá ni! Ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín rẹ̀ àti ti Gíríìsì. Lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìsì, ohun tí a ti wí ti di dandan. Lọ́dọ̀ tiwa, nítorí pé ọ̀nà ṣì wà ni a ṣe ń kìlọ̀. Ẹbọ ni ọ̀nà náà. Bí kò bá sí ọ̀nà, kí ni awo fẹ́ dá Ifá fún?

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wo María Antonia tí ó wí pé òrìṣà ni ó pa á, kò rí ohun tí ó wò. Òrìṣà pè é padà, kò dáhùn. Ìbéèrè tí eré náà ń bi wá ni pé kí ló dé tí kò dáhùn? Wọ́n ti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ obìnrin yìí ní ìlú náà. Òṣì wà, ìwọ̀sí wà, ọkùnrin tí ń lù ú wà. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni agbára láti wí pé "Mi ò ṣe." A ní kí ó fi èyí náà rúbọ. Ẹ̀yin ajàfẹ́tọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ń fi orí kọ ògiri, ẹ mọ ọmọ Ọ̀ṣun yìí. Ìkìlọ̀ nìkan kò tó fún un. Ó yẹ kí ilé wà tí ó lè sá sí.

Ikú dé sínú ẹ̀rín

Èkejì jẹ́ fíìmù ẹ̀rín. *Guantanamera* ni orúkọ rẹ̀. Tomás Gutiérrez Alea àti Juan Carlos Tabío ni wọ́n darí rẹ̀, ó sì jáde ní 1995. Fíìmù tí Alea ṣe kẹ́yìn nìyẹn, nítorí ó papòdà ní 1996. Akọrin kan tí ó ti dàgbà, Yoyita, padà sí Guantánamo, ìlú rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Havana. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ Adolfo ti gbé ètò kan kalẹ̀: bí òkú bá dé ààlà ìpínlẹ̀ kan, kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ìpínlẹ̀ kejì, kí owó epo lè pín dọ́gba. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú.

Láàárín ẹ̀rín yẹn, ọkọ̀ dúró, ohùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn. Ó ní Olófin dá ayé, ó dá ènìyàn, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti dá ikú. Àwọn arúgbó pọ̀ títí, wọn kò lè ṣe nǹkan mọ́, síbẹ̀ òfin wọn ni gbogbo ayé ń tẹ̀lé. Àwọn ọ̀dọ́ ké gbàjarè, Olófin sì pe Ikú. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn tí wọ́n lè gun igi àti òkè ni wọ́n yè é. Ọmọdébìnrin kan sì wà tí ń yọ sí àwọn arìnrìn-àjò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni Ikú.

Àwa tí a jẹ́ Yorùbá lè bínú díẹ̀. A lè wí pé ọkùnrin tí ó mú kùmọ̀ dání ni Ikú nínú ìtàn tiwa, kì í ṣe ọmọdébìnrin. A tún lè wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ń dúpẹ́ pé àgbà kú? Ṣùgbọ́n ẹ farabalẹ̀. Wọn kò fi ìtàn náà ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá yọ patakí yìí kúrò, fíìmù náà kò ní egungun mọ́. Ìtàn òkú tí kò rí ọkọ̀ ni yóò kù. Patakí náà ni ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ní gbangba ní Kúbà nígbà náà: ohun tí ó ti gbó ní láti fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ó ń bọ̀. Wọ́n ní kí Adolfo fi ipò àti ètò rẹ̀ rúbọ, kò lè ṣe é. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń lo ìtàn nìyẹn. Wọ́n á pa á bí ẹni ń ṣeré, ẹni tí ó kàn yóò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Àwòrán kékeré lára pátákó

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Alina Rodríguez. Ní 2014, Ernesto Daranas gbé fíìmù *Conducta* jáde. Alina tí ó ti ṣe ọmọ Ọ̀ṣun ní 1990 ti di ìyá àgbà báyìí. Ó ṣe Carmela, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Havana. Ọmọ kan kú nínú kíláàsì rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, Yeni, sì fi àwòrán kékeré Caridad del Cobre lẹ̀ mọ́ pátákó kíláàsì. Ẹ kò nílò kí a sọ ẹni tí Caridad del Cobre jẹ́ fún yín: lójú àwọn ọmọ òrìṣà ní Kúbà, Ọ̀ṣun ni. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, nítorí ilé ìwé ìjọba kì í ṣe ilé ẹ̀sìn. Carmela kọ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n lè fi èyí lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí fíìmù yìí ṣe. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹran, kò sí ẹni tí òrìṣà gùn. Ìwé kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Síbẹ̀ gbogbo ìtàn rọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ẹnìkan múra tán láti fi iṣẹ́ rẹ̀ rúbọ kí ọ̀fọ̀ àwọn ọmọdé má bàa di ohun ẹ̀gàn. Ìwà lẹwà, bí àwọn baba wa ti wí. Ọ̀ṣun hàn nínú fíìmù yìí ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ ìyeyè kún inú rẹ̀ lọ.

Ní ti Caridad fúnra rẹ̀, ẹ má gbàgbé pé ìtàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa nítorí ẹnu ọkùnrin dúdú kan. Juan Moreno ni orúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí òun àti àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ rí ère náà lórí omi ní Nipe, ní nǹkan bí 1612. Ní 1687, nígbà tí ó ti di arúgbó, ó jẹ́rìí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn dúdú ni gbòǹgbò àwòrán tí ó wà lára pátákó Carmela.

Ṣàngó àti Olókun nínú ìwé

Ẹ jẹ́ kí a ya ilé àwọn òǹkọ̀wé. Manuel Zapata Olivella, oníṣègùn ará Kòlóńbíà tí wọ́n bí ní Lorica ní 1920, tí ó sì kú ní 2004, kọ ìwé ńlá kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1983: *Changó, el gran putas*. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn nínú àkọlé náà dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ líle ni, ṣùgbọ́n ní Kòlóńbíà wọ́n ń lò ó fún ẹni tí apá kò ká. Nínú ìwé náà, Ṣàngó gégùn-ún fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ègún náà sì ni ó gbé wọn dé oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó fi iná òmìnira sí wọn nínú. Benkos Biohó, tí ó gbé ìlú àwọn tí wọ́n sá kúrò lóko ẹrú ró ní Kòlóńbíà, wà níbẹ̀; ogun Haiti wà níbẹ̀; ìjà àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ti Àríwá náà wà níbẹ̀. Àwọn òkú ni wọ́n ń sọ púpọ̀ nínú ìtàn náà. Wọn kì í ṣe iwin tí ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ alààyè ni pé kí ó fi ìbẹ̀rù rúbọ.

Lẹ́yìn ọdún 32, ní 2015, Rita Indiana, ọmọ Santo Domingo tí ó tún jẹ́ akọrin, gbé *La mucama de Omicunlé* jáde. Omicunlé! Etí Yorùbá kò lè má gbọ́ "Omi-kún-ilé" nínú orúkọ yẹn. Ìwé náà sọ nípa Santo Domingo ní ọjọ́ iwájú, nígbà tí òkun ti kú, tí ẹja ti tán. Omicunlé ni orúkọ òrìṣà arúgbó obìnrin kan, Esther Escudero, tí ó ń ṣe olùgbani-nímọ̀ràn fún ààrẹ. Ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Acilde, tí ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé rẹ̀, ni Olókun yàn. Wọ́n fún un ní agbára láti wà ní àná àti ní òní lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó lè tún òkun ṣe kí ó tó bàjẹ́.

Ǹjẹ́ ó tún un ṣe? Rárá. Ní àná tí ó dé, ó ti rí ilé tí ó dára, ó ti rí ìyàwó, ó ti rí owó. Bí ó bá gba òkun là, ó lè pàdánù ayé tí ó ń gbádùn yìí. Ó wò ó, ó sì panu mọ́. Gbogbo agbára yẹn, ẹbọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ó rú, kò rú u. Ẹ rí i pé ìtàn María Antonia ni ó tún padà wá. Ṣùgbọ́n María Antonia kọ̀ nítorí pé kò ní nǹkan; Acilde kọ̀ nítorí pé ó ti ní púpọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ lásán. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005, síbẹ̀ ìwakùsà wúrà ti ba omi odò náà jẹ́. Gbogbo wa ni a ń pariwo "Oore Yèyé o!" Ta ni yóò fi wúrà rúbọ nítorí omi?

Nígbà tí ẹwà kò ní ìwà

A kò ní parí láì sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n, nítorí òun ni àwọn ọmọ wa ń wò jù. Ní 2019, Netflix gbé eré *Siempre bruja* jáde láti Kòlóńbíà. Carmen Eguiluz, ọ̀dọ́mọbìnrin dúdú tí ó jẹ́ ẹrú ní Cartagena ní 1646, ni wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn, wọ́n sì fẹ́ dáná sun ún. Ó fi agbára rẹ̀ sá wá sí ayé òde òní. Kí a má fi inú rere pamọ́: inú wa dùn pé ọmọbìnrin dúdú ni ó wà ní iwájú eré náà, tí irun rẹ̀ àti awọ ara rẹ̀ ń tàn. Ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ni. Àwòrán náà dára, òkun rẹ̀ dára, àwọ̀ rẹ̀ dára.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìbéèrè wa. Kí ni wọ́n ní kí Carmen fi rúbọ? Ara rẹ̀ ni. Nítorí ta ni? Nítorí Cristóbal, ọmọ ọ̀gá tí ó rà á. Gbogbo agbára tí ó ní, gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ láti ayé kan sí ayé kejì, ó ń ṣe é kí ó lè padà sọ́dọ̀ ọmọ olówó ẹrú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú bínú sí èyí nígbà tí eré náà jáde, wọ́n sì jàre. Ẹbọ tí kò tọ̀nà ni. Ìyanu wà, ìgbàgbọ́ kò sí. Ẹwà wà, ìwà kò sí.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ìtàn òtítọ́ wà nílẹ̀ tí ó dára ju èyí lọ. Obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paula de Eguiluz. Ẹ gbọ́ pé orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n fún Carmen. Santo Domingo ni wọ́n bí i sí, ó sì ṣe ẹrú ní Kúbà. Ní 1624, wọ́n gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì ní Cartagena lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n nà án, wọn kò sì dáná sun ún. Oníṣègùn ni, àwọn ará ìlú sì ń wá a fún ìwòsàn. Ó mọ ewé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì yè. Ìwé ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ìtàn obìnrin dúdú mìíràn tí a lè sọ, ẹ dárúkọ Paula fún un.

Ohun tí a lè ṣe

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó yẹ kí ilé wa ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a máa wo àwòrán pọ̀, àgbà àti ọmọdé. Kí a má wí fún ọmọ pé "Pa nǹkan yẹn" kí a sì bá tiwa lọ. Kí a bi í pé: ta ni ó ń sọ ìtàn yìí? Sara Gómez, obìnrin dúdú ará Kúbà tí ó kú ní 1974 ní ọmọ ọdún 31, ṣe fíìmù *De cierta manera*, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí fún un. Fíìmù ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Abakuá, ohùn kan láti òkèèrè ni ó ń ṣàlàyé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà bí ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn ìjọba. Ẹ fi í wé *Oggun*, tí Gloria Rolando ṣe ní 1991, níbi tí Lázaro Ros, ọ̀gá akọrin òrìṣà, ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìgbé ayé rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá wo méjèèjì yóò mọ ìyàtọ̀ láì jẹ́ pé a ṣàlàyé jù.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí a má sọ pé gbogbo ohun tí ó dúdú jẹ́ tiwa. Abakuá wá láti agbègbè Calabar. Palo wá láti Kóńgò. Ẹni tí ó ń bínú pé wọ́n da òrìṣà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ibi kò gbọdọ̀ ti iṣẹ́ ibi náà sọ́rùn ọmọ Kóńgò kí òun lè mọ́. Aládùúgbò wa ni wọ́n nínú ọkọ̀ ojú omi, aládùúgbò wa ni wọ́n títí di òní.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a máa kọ ìtàn tiwa sílẹ̀. Nígbà tí Lydia Cabrera tẹ *El Monte* jáde ní 1954, ó sọ nínú rẹ̀ pé àwọn àgbà dúdú tí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ ni wọ́n ni ìwé náà ní tòótọ́. Ó dára tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ìwé. Àwọn àgbà ṣì wà nínú ilé wa. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán lápò wọn. Ohun tí ó jẹ́ awo, kí ó wà ní awo; ẹ má ya ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìgbé ayé àgbà kì í ṣe awo. Bí ó ṣe rékọjá, ẹni tí ó kọ́ ọ lórin, ohun tí ó fi sílẹ̀ kí òrìṣà lè dúró, ìwọ̀nyí ni kí ẹ gbà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i gàdàgbà.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, bí a bá rí iṣẹ́ tí ó bà wá lórúkọ jẹ́, kí a kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n ṣe é, kí a dárúkọ ibi tí ó bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀. Bí a bá sì rí èyí tí ó dára, kí a kọ̀wé bákan náà. Ẹni tí kò mọ̀ ju èébú lọ, wọn kì í pẹ́ dẹ́kun gbígbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé, àwọn tí wọ́n ń ṣe fíìmù àti ìwé wọ̀nyí ti rí i pé ẹwà wà lọ́dọ̀ wa. Wọn kò ní dẹ́kun wíwá. Iṣẹ́ tiwa ni kí ọmọ tí ó jókòó níwájú àwòrán mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn òun kì í ṣe aṣọ eré. Ó ní ẹni tí ó fi nǹkan sílẹ̀ kí ìlẹ̀kẹ̀ náà lè dé ọrùn rẹ̀. Bí ó bá mọ èyí, kò ní bọ́ ọ sínú àpò.

Kí Ọ̀ṣun fún wa ní ojú tí ń ríran. Kí Ọbàtálá fún wa ní sùúrù láti kọ́ni. Kí ẹbọ wa fín, kí ó dà. Àṣẹ.